Ta Ló Sọ̀rọ̀ Lórí Áńténà Ìyá Wáyà?

Agolo tí wọ́n fi pa Ìyá Wáyà ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì nígbà tí Abẹ́rẹ́ wọ yàrá náà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Agolo ọ̀dà ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ Ìyá Wáyà ti sọ ọ́ di irinṣẹ́. Ó ti rọ òróró kún un, ó sì ti de ìdérí rẹ̀ pinpin. Nígbà tó bá fẹ́ dán rédíò wò láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sójú afẹ́fẹ́, agolo yìí ló máa ń so ó mọ́, agolo náà á sì gbé gbogbo agbára rédíò mì. Ó wúwo. Ẹni tó gbé e ti là á mọ́ ìyá àgbà náà lẹ́yìn orí, ìdérí ti fò ṣí, òróró sì ti ṣàn dé abẹ́ àga.

"Télọ̀ ni," Sájẹ́ńtì wí láti ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé. "Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ nígbà tó ń lérí pé òun máa gé áńténà yẹn lulẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n rí i tó ń fi òkúta gbá géètì obìnrin yìí. Ó ti wà látìmọ́lé. Kí la tún ń wá?"

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo agolo náà. Sájẹ́ńtì ti ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà tí Abẹ́rẹ́ ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé, kò sì tíì dárí ji ẹnikẹ́ni pé obìnrin náà ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lé òun lórí. Òun ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, pé ó tín-ín-rín, ó sì ń gún ni. Ó fi bú u ni. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọmọbìnrin olóògbé jókòó sórí àpótí kan nítòsí fèrèsé, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì ni. Òun ló ti yàrá náà pa láti Sátidé, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu ilẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú," Abẹ́rẹ́ wí.

"Ẹ má kí mi. Lálẹ́ Sátidé, bàbá yìí dúró síbi tó dúró sí yẹn, ó ní màmá mi yọ̀ ṣubú. Ó ní arúgbó ni, kí n fara balẹ̀. Dókítà ló sọ pé wọ́n lù wọ́n pa. Ká ní ẹnu yín ni mo gbọ́ ni, a ò bá ti sin wọ́n."

Sájẹ́ńtì wo ojú òrùlé.

"Ta ni ìyá yín ń bá jà?"

"Ta ni wọn ò bá jà? Wọ́n ń bá Télọ̀ jà nítorí áńténà. Wọ́n ń bá mi jà nítorí mo ní kí wọ́n jẹun. Wọ́n ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jà, torí kò sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan tí wọn ò ní rí àléébù rẹ̀."

"Ẹlẹgbẹ́ wo?"

Ọmọbìnrin náà fi àgbọ̀n tọ́ka sí àwọn rédíò tó wà lára ògiri. Ó ní ẹgbẹ́ kan wà, ti àwọn tó fẹ́ràn rédíò, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnìkan. Lọ́sàn-án Sátidé gbogbo, olúkúlùkù á jókòó sílé rẹ̀, Alága á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti yàrá ẹgbẹ́ nígboro, wọ́n á máa jẹ́ ẹ.

"Ṣé ìyá yín jẹ́ ẹ lọ́jọ́ Sátidé?"

"Wọ́n ní Alága pè wọ́n títí, wọn ò dáhùn. Gbogbo ẹgbẹ́ ló gbọ́. Màmá mi kì í pa ìpàdé yẹn jẹ. Lọ́dún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti jẹ́ ẹ, èmi ni mo gbé rédíò dání."

Abẹ́rẹ́ wo fèrèsé. Wáyà dúdú kan gba ibẹ̀ jáde lọ sí ẹsẹ̀ òpó áńténà. Ní òdìkejì ògiri ọgbà, ó rí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó gbé kọ́ sókè ilẹ̀kùn.

---

Télọ̀ jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè àforíjì. Ó sanra, téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Mo kórìíra obìnrin yẹn," ó wí kí Abẹ́rẹ́ tó fìdí kan àga. "Mi ò ní purọ́ torí pé ó kú."

"Kí ló ṣe fún yín?"

"Ṣé ẹ̀yin lè fi ẹ̀rọ rán aṣọ láti òwúrọ̀ dalẹ́ láìgbọ́ nǹkan kan létí? Rédíò ni mo fi ń tu ara mi nínú. Bí obìnrin yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí, gbohùngbohùn mi á máa dún gbùùù. Bó bá panu mọ́, á dákẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi ọ̀rẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n lọ ra gbohùngbohùn gidi."

"Ṣé ó dún lọ́jọ́ Sátidé?"

"Kí lẹ rò pé ó gbé mi dé géètì rẹ̀? Wọ́n ń ka ìròyìn ọ̀sán lọ́wọ́. Mi ò gbọ́ gbólóhùn kan. Á dún, á dákẹ́, á tún dún, bí ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo lọ gbá géètì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Bí mo ṣe kẹ́yìn síbẹ̀, ó tún gbé e."

"O ti jẹ́wọ́ pé o wà níbẹ̀," Sájẹ́ńtì wí.

"Mo wà lóde géètì. Bí mo bá wọlé ni, áńténà ni mi ò bá gé, kì í ṣe èèyàn."

Abẹ́rẹ́ bá Sájẹ́ńtì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Àkókò ìròyìn ọ̀sán ni ìpàdé wọn máa ń bọ́ sí. Bí ìyá yẹn bá ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ì bá gbọ́ ọ. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Síbẹ̀, áńténà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

"Télọ̀ lè purọ́."

"Tó bá fẹ́ purọ́, ṣé irọ́ tó máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà òkú ló máa pa? Ẹ mú un, ẹ jẹ́ ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

"Pẹ̀lú gbogbo oorun tí mi ò sùn yìí, Ọ̀gá?"

"Ẹ mú un."

Ọmọbìnrin olóògbé kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní òun kò ní bá ẹni tó pa ìyá òun ṣeré. Abẹ́rẹ́ ní bó bá fẹ́ mọ ẹni tó pa ìyá rẹ̀, kó lọ tan rédíò ìyá náà nínú ilé, kó kàn máa ka orúkọ oúnjẹ tó bá wá sí i lọ́kàn. Ó tan án. Nínú ṣọ́ọ̀bù, gbohùngbohùn Télọ̀ hó gbùùù, ó dákẹ́, ó tún hó.

"Ẹ gbọ́ o," Télọ̀ wí, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. "Ohun tí mo ń bá yí nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ fi fóònù pe ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ilé rẹ̀ jìnnà díẹ̀, ó ní kó sọ̀rọ̀ lórí rédíò tirẹ̀. Gbohùngbohùn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó tún pe ẹlòmíràn. Jẹ́ẹ́. Áńténà Ìyá Wáyà nìkan ló ń yọ Télọ̀ lẹ́nu.

Abẹ́rẹ́ jókòó sórí àga aláìlẹ́yìn níbẹ̀, ó ń ro ó. Ẹnìkan ti wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú òkú, ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ń sinmi, ó tún ń sọ̀rọ̀, títí ìpàdé fi parí. Gbogbo ẹgbẹ́ sì gbọ́ ohùn ẹni náà, kò sí èyí tó fura. Ohùn àjèjì ì bá ti yà wọ́n lẹ́nu. Ohùn tí wọ́n mọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, ohùn ọmọ ẹgbẹ́ kan kì í pẹ́ lórí afẹ́fẹ́: á jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó tán. Ẹnìkan péré ló máa ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

---

Yàrá ẹgbẹ́ wà lórí òkè pátápátá ilé alájà púpọ̀ kan nígboro. Alága gba Abẹ́rẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, jókòó. Mo gbọ́ pé ẹ ti mú ẹni tó ṣe é."

"A mú ẹnìkan. Níbo lẹ wà lọ́sàn-án Sátidé, sà?"

"Ìwọ kò mọ iṣẹ́ yìí, mi ò ní bínú. Orí àga yìí ni mo wà. Gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́ ohùn mi. Lọ bi wọ́n léèrè."

"Ṣé ẹnìkan wà pẹ̀lú yín níbí?"

"Ta ló ń wá sígboro lọ́sàn-án Sátidé? Èmi àti rédíò mi ni." Ó nawọ́ sí àpótí irin kékeré kan tó wà láàárín rédíò méjì. "Bó o bá rò pé èmi àti Ìyá Wáyà ń jà, wo ìyẹn. Sípílítà ni. Òun ló ṣe é, òun ló fún mi láàárín ọ̀sẹ̀."

"Kí ló ń ṣe?"

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó kọ́ ewúrẹ́ ní ìwé. "Áńténà kan ló wà lórí ilé yìí. Rédíò méjì ló fẹ́ lò ó. Ọ̀kan ń gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, èkejì ń gba ọ̀nà òkè. Àpótí yìí ló pín ọ̀nà náà fún wọn. Ojúhò pupa ni ti ìsàlẹ̀, ojúhò aláwọ̀ búlúù ni ti òkè. Tí àpótí kò bá dáa, agbára rédíò kan á wọnú èkejì, á sun ún, á di odi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dán an wò. Èmi ni mo máa ń dán gbogbo sípílítà wò fún ẹgbẹ́, kódà fún àwọn adóòlà-ẹ̀mí tó ń wa ọkọ̀ lórí adágún."

"Ẹ ti dán èyí wò?"

"Lọ́jọ́ tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ojúlówó ni. Ọ̀nà òkè ni a fi ń ṣe ìpàdé, òun náà ni mo sì fi ṣe ti Sátidé. Ẹni tí mo bá ń bá jà, ṣé màá máa lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà lọ́jọ́ Sátidé? Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án?"

"Kọ́kọ́rọ́ kan ló wà, àpò mi ló wà." Ó dìde. "Ó ti tó, ọmọ mi. Gbé Télọ̀ yẹn lọ sílé ẹjọ́, kó o jẹ́ ká ráyè ṣọ̀fọ̀."

Abẹ́rẹ́ fi fóònù ya àwòrán àpótí náà, wáyà tó wọ ojúhò pupa àti èyí tó wọ búlúù. Alága wò ó bí ẹni tó ń wo eṣinṣin lórí oúnjẹ.

---

Nígbà tí ọmọbìnrin olóògbé rí àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn létí.

"Ó so ó bí àmì ṣe wí."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kó so ó?"

"Màmá mi mọ̀ọ́mọ̀ kun àmì yẹn lódìkejì ni. Wọ́n fi pupa síbi búlúù, wọ́n fi búlúù síbi pupa. Níwájú mi. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá Alága ń dán nǹkan wò lóòótọ́."

"Kí ló jẹ́ kí wọ́n fura sí i?"

Ọmọbìnrin náà dá fóònù náà padà fún un. "Ọkọ̀ kan dojú dé lórí adágún lákòókò ìjì. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ké sí àwọn adóòlà-ẹ̀mí lórí rédíò títí omi fi mu wọ́n. Adóòlà kankan kò gbọ́. Wọ́n ní ẹni tó wà nídìí rédíò sùn lọ. Màmá mi lọ bẹ àwọn adóòlà, wọ́n gba sípílítà inú ọkọ̀ adóòlà yẹn, wọ́n tú u. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju wáyà mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Kò pín nǹkan kan. Ó ti sun rédíò tó ń gbọ́rọ̀ di odi. Alága ló fọwọ́ sí i pé ó dáa."

"Lẹ́yìn náà?"

"Lẹ́yìn tí wọ́n gbé sípílítà alámì òdì yẹn fún un, ó pe màmá mi lórí fóònù. Mo wà níbẹ̀, mo ń gbọ́. Ó ní, 'Mo ti dán an wò, ojúlówó ni.' Màmá mi gbé fóònù kalẹ̀. Wọ́n ní, 'Ọkùnrin yìí kò dán ẹyọ kan wò rí.' Wọ́n ní àwọn máa sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kí gbogbo èèyàn gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó wá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ná."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ èyí láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ bi mí ni? Ẹ ní wọ́n ṣubú. Nígbà tẹ́ ẹ tún padà wá, ẹ ní Télọ̀ ni. Mo rò pé Télọ̀ ni." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó ṣe é bí ẹni tó ń bínú sí omijé. "Gbogbo ẹgbẹ́ ló ní Alága wà lórí afẹ́fẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀."

---

Lọ́jọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ padà sí yàrá ẹgbẹ́ pẹ̀lú ọmọbìnrin náà, ẹni tó gbé mítà ìyá rẹ̀ dání nínú àpò. Sájẹ́ńtì wà nílé olóògbé, nídìí rédíò rẹ̀, fóònù létí.

"Ta ló ní kí ẹ gbé eléyìí wá síbí?" Alága bi Abẹ́rẹ́. Kò wo ọmọbìnrin náà lójú.

"Mo fẹ́ kí ẹ bá Sájẹ́ńtì sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, sà. Gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ṣe é lọ́jọ́ Sátidé."

"Mi ò ráyè fún eré ọmọdé."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọmọbìnrin náà ti so mítà mọ́ àárín àpótí àti wáyà áńténà, kó lè fi hàn bóyá agbára rédíò ń jáde. Alága tan rédíò ọ̀nà òkè, ó tẹ bọ́tìnì, ó sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mítà kò mira. Ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le sí i. Ọwọ́ mítà dùbúlẹ̀ síbi tó wà.

"Sájẹ́ńtì?" Abẹ́rẹ́ wí sínú fóònù.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Ọ̀gá."

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn," Alága wí. "Nǹkan ń bàjẹ́. Ó dáa lọ́jọ́ Sátidé."

Abẹ́rẹ́ mi orí sí ọmọbìnrin náà. Ó yọ wáyà méjèèjì, ó fi èyí tó wà ní pupa sí búlúù, ó fi ti búlúù sí pupa. Òun fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnì, ó ka orúkọ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ mítà fò sókè.

"Mo gbọ́ ọ," Sájẹ́ńtì wí lórí fóònù. "Ó dún ketekete. Gbohùngbohùn Télọ̀ kò sì pariwo rárá."

"Àpótí kò bàjẹ́, sà," Abẹ́rẹ́ wí. "Àmì rẹ̀ ló wà lódìkejì. Ẹni tó bá so ó bí ẹ ṣe so ó, yóò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á ṣú, kò sí ẹlẹgbẹ́ tó máa gbọ́ ọ."

"Ẹnìkan ti wọlé wá yí i padà."

"Kọ́kọ́rọ́ kan ló wà. Àpò yín ló wà."

"Èmi náà lè ti yí i padà. Mo ti gbàgbé."

"Ẹ so ó síbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣe ìpàdé tán, ẹ wá tú u kí ẹ tún so ó síbi tí kò ti ní ṣiṣẹ́? Kí ni ẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Alága bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà kan lórí tábìlì.

"Ẹ ò sọ̀rọ̀ láti ibí," Abẹ́rẹ́ wí. "Bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́ yín. Lásìkò yẹn gan-an, áńténà Ìyá Wáyà ń sọ̀rọ̀, tó fi jẹ́ pé Télọ̀ wá fi òkúta gbá géètì rẹ̀. Nígbà tí ẹ gbọ́ géètì, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tó lọ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Mo bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín. Wọ́n ní ẹ sinmi láàárín ìpàdé, ẹ ní ikọ́ ló dà yín láàmú."

Alága jókòó. Ìkanra ló fi sọ̀rọ̀.

"Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo kó gbogbo wọn jọ, tí mo dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú obìnrin yẹn. Mo ní kó jẹ́ ká tún un ṣe ní bòókẹ́lẹ́. Ó ní àwọn tó rì sómi kò kú ní bòókẹ́lẹ́. Ó kẹ́yìn sí mi, ó tan rédíò. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀."

"Ẹ sì gbé agolo."

"Rédíò ti wà ní títàn. Àkókò ìpàdé ti tó. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á béèrè ibi tí mo wà."

Ọmọbìnrin náà ti sún mọ́ ọn. "O pe orúkọ ìyá mi," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wọ́n wà lẹ́sẹ̀ rẹ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára wọn, o sì ń pè wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ẹ."

"Bí n kò bá pè é, wọ́n á fura," Alága wí.

Abẹ́rẹ́ di ọmọbìnrin náà lápá mú kó tó gbé ọwọ́ sókè.

---

Wọ́n tú Télọ̀ sílẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Kò dúpẹ́, Sájẹ́ńtì náà kò tọrọ àforíjì. Ohun tí Télọ̀ béèrè ni bóyá wọ́n máa wá gé áńténà náà báyìí. Abẹ́rẹ́ ní ti ọmọ olóògbé ni, kó lọ bá a sọ ọ́. Ó lọ, ó ń kùn.

Láti ibẹ̀, Abẹ́rẹ́ wa ọkọ̀ lọ sí èbúté adágún. Ó rí i pé àwọn adóòlà-ẹ̀mí yọ gbogbo sípílítà tí Alága fọwọ́ sí kúrò nínú ọkọ̀ wọn. Ó wá béèrè ilé ọkùnrin tó wà nídìí rédíò lọ́jọ́ ìjì yẹn. Ẹni tó júwe ilé náà fún un tutọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tó dárúkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ojú rẹ̀ dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ẹnìkan ti fi èédú kọ nǹkan sára ògiri ilé rẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́, kò tán.

"Ọlọ́pàá," ó wí. "Mo ti sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ẹ jẹ́ n sinmi."

"Mi ò wá bi yín ní nǹkan kan. Rédíò yín ti di odi kí wọ́n tó pè yín. Sípílítà tí wọ́n fún yín ló sun ún. A ti mú ẹni tó ní ó dáa."

Ọkùnrin náà di ilẹ̀kùn mú.

"Mo sọ fún wọn," ó wí. "Mo ní mi ò sùn. Mo fi etí lé rédíò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjì dé òpin rẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ fún wọn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ọkọ̀ tó rì. Láti ọjọ́ yẹn bàbá mi kò pè mí lọ́mọ mọ́." Ó wo Abẹ́rẹ́ tìkà-tìkà, bí ẹni pé obìnrin náà ló fa gbogbo rẹ̀. "Ẹ máa lọ. Ẹ ṣeun, ẹ máa lọ."

Ó ti ilẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àpò. Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń tẹ fóònù nínú ilé, bí fóònù náà ṣe dún títí tó fi já. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbé e.

"Bàbá," ohùn rẹ̀ wí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù. Ẹ kàn gbọ́."